Sáà Fíìmù Àtijọ́ àti Tuntun ní Òṣogbo: Ohun Tí Ẹ Máa Ń Bi Wá

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ẹgbẹ́ sinimá àwa akẹ́kọ̀ọ́ jù ló wà nísàlẹ̀ yìí, láti orí ẹni tó kàn fẹ́ mọ agogo tí eré ń bẹ̀rẹ̀ títí dórí ẹni tó fẹ́ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní àdúgbò tirẹ̀. Ẹ ka èyí tó kàn yín, ẹ fo ìyókù.

Kí ni ẹ ń pè ní sáà? Fíìmù mélòó ló wà nínú rẹ̀?

Sáà kan bá sẹ́mẹ́sítà kan mu. Fíìmù mẹ́fà ni, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì, àtijọ́ mẹ́ta, tuntun mẹ́ta. Méjìméjì la máa ń so wọ́n: bí àtijọ́ bá lọ lónìí, tuntun tó bá a tan ló ń tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ méjìlá gbáko nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ parí kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, torí pé àga máa ń ṣófo bí ìwé bá ti wọ àwọn èèyàn lọ́rùn. A kì í fi fíìmù méjì hàn lálẹ́ kan. Ẹni tó wo eré wákàtí méjì, tó tún jókòó jíròrò, ojú rẹ̀ ti kún, kẹ̀kẹ́ Màrúwá náà sì máa ń ṣọ̀wọ́n bí alẹ́ bá ti ń lẹ́.

Ṣé ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ lè wá?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Bàbá tàbí ìyá tó bá fẹ́ wá rí Adé Love, òṣèré fíìmù àtijọ́ nì, lẹ́ẹ̀kan sí i, àga iwájú ló wà fún wọn, nítorí ojú àti nítorí etí.

Agogo mélòó ló ń bẹ̀rẹ̀?

Ilẹ̀kùn ń ṣí ní agogo 6:30 ìrọ̀lẹ́, eré ń bẹ̀rẹ̀ ní agogo méje. Bó bá jẹ́ ìta gbangba la fẹ́ lò, oòrùn ló ń pinnu, kì í ṣe àwa. Ní oṣù Kọkànlá, oòrùn Òṣogbo ti wọ̀ kí agogo 6:30 tó lù. Ní oṣù Keje, ó máa ń tó agogo méje kó tó wọ̀, ilẹ̀ kò sì ní ṣókùnkùn tó fún àwòrán títí di 7:30. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo méje ní oṣù Keje, òjìji lásán ni àwọn èèyàn máa wò fún ìdajì wákàtí.

Èwo gan-an ni fíìmù àtijọ́?

Èyí tó bá ti lé ní ogún ọdún. Saworoidẹ ti 1999 wọlé. Àwọn kan máa ń bínú sí èyí nítorí pé ìgbà èwe wọn ni wọ́n wò ó, ṣùgbọ́n iye ọdún kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni irú ohun tí wọ́n fi ya á. Láàárín ọdún 1970 sí àárín 1980, celluloid ni: fíìmù oníròòlù, tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé lọ sí òkè òkun kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ láti ọdún 1986, owó ìfọ̀ nìkan tó láti sọ aṣagbátẹrù di onígbèsè, ni wọ́n bá yí sí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. VCD gba ipò kásẹ́ẹ̀tì, kámẹ́rà dígítà wá gba gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí fíìmù ọdún 1982 fi lè mọ́ lójú ju ti 1996 lọ. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu: ròòlù 35mm gba ohun púpọ̀ sínú ju kásẹ́ẹ̀tì lọ fíìfíì.

Kí ló dé tí ẹ fi ń so àtijọ́ mọ́ tuntun? Ṣé ẹ ò kàn lè fi tuntun hàn wá ni?

Ẹni tó ń wo àtijọ́ nìkan máa ń wò ó bí ẹni tó ń mu àgbo: ó mọ̀ pé ó dára fún òun, ó ń yọ́jú wo aago. Ẹni tó ń wo tuntun nìkan máa ń rò pé àná ni wọ́n dá fíìmù Yorùbá sílẹ̀. Bí a bá fi wọ́n ti ara wọn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ síra wọn, àwa tó jókòó á sì gbọ́.

Ní Òṣogbo yìí, a ò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Níbí ni Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier ti ṣí Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó eré àti iṣẹ́-ọnà, ní ọdún 1962, Ọba Kò So sì gun orí ìtàgé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Níbí náà ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Oyin Adéjọbí fi ṣe ibùdó ẹgbẹ́ eré wọn. Nígbà tí Ọlá Balógun ya Àjàní Ògún ní 1976, tí wọ́n máa ń kà sí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, Ládiípọ̀ wà nínú rẹ̀, òun àti Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love. Àwọn òṣèré alárìnjó ló gbé fíìmù wa ró, ẹ ó sì rí i lójú àwòrán: òṣèré á kọjú síwájú, á na ọwọ́, á gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà wà níwájú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ní àṣejù ni, kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá.

Àwọn ìsopọ̀ tó ti ọwọ́ wa jáde dáadáa nìwọ̀nyí. Àjàní Ògún pẹ̀lú The Figurine ti 2009: bàbá ló ṣeré nínú ti àkọ́kọ́, ọmọ rẹ̀, Kúnlé Afọláyan, ló darí èkejì. Saworoidẹ pẹ̀lú House of Ga'a ti 2024: ọba tó kọ̀ láti búra ní Jogbo, àti Baṣọ̀run tó ń fi ọba jẹ, tó ń fi ọba ṣòfò ní Ọ̀yọ́. Túndé Kèlání ló darí ti àkọ́kọ́, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, bí èdè inú rẹ̀ sì ṣe kún, ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń kọ eré Yorùbá máa fi í ṣe àṣàrò. Èkẹta ni La Noire de… ti Ousmane Sembène, 1966, pẹ̀lú Eyimofe ti 2020. Nínú èyí àkọ́kọ́, ọmọbìnrin Senegal kan ti dé ilẹ̀ Faransé, ó rí ohun tó rí. Nínú èkejì, àwọn ará Èkó ń wá bí wọ́n ṣe máa lọ sí Sípéènì àti Ítálì. Ẹ fi èyí tó ti dé ibẹ̀ hàn ṣáájú, lẹ́yìn náà ẹ fi àwọn tó ṣì ń wá ìwé ìrìnnà hàn. Bí ẹ bá yí i padà, kò ní dun èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Ìkan tún wà tí kì í ṣe fíìmù sí fíìmù. Elésin Ọba, èyí tí Bíyì Bándélé darí tó jáde ní 2022, inú eré Wọlé Ṣóyínká ló ti wá. Ládiípọ̀ ti fi ìṣẹ̀lẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà ṣe Ọba Wàjà ní 1964, ọdún mọ́kànlá kí ti Ṣóyínká tó jáde. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ka ìran kan nínú Ọba Wàjà sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó pa iná, ó tó. Kò gba aṣọ eré, kò gba ìlù, ohùn nìkan ni.

Ẹ ò ṣe fi Arugbá, fíìmù Túndé Kèlání, hàn nígbà ọdún Ọ̀ṣun?

Oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun, òjò wà nílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè wà ní ìsinmi, ìlú sì ti kún fún àlejò tó wá rí ohun gidi fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú dára jù.

Ṣé fíìmù oníròòlù gan-an lẹ máa ń fi hàn?

Rárá, ẹ̀dà dígítà ni. Ẹ̀rọ 35mm tó ń ṣiṣẹ́ ṣọ̀wọ́n, ròòlù fúnra rẹ̀ sì ń ṣàìsàn. Èyí tí wọ́n fi acetate ṣe, bí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ọtí kíkan, á súnkì, á ká, kò sì ní gba ẹnu ẹ̀rọ kọjá mọ́. Òórùn kíkan yẹn máa ń ran ròòlù tó wà nítòsí pẹ̀lú, nítorí náà, bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀ nínú àpótí ẹnìkan, kí wọ́n kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti ṣègbé. Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu darí ní 1976, inú àpamọ́ ní Jos ni wọ́n ti rí i, wọ́n tún un ṣe ní Berlin, wọ́n sì tún fi í hàn níbẹ̀ ní 2018. Touki Bouki, fíìmù Senegal ti 1973, náà rí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ gbà. Bí ẹ bá ní àǹfààní láti yàn, ẹ wá ẹ̀dà àtúnṣe. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti èyí tí wọ́n gbé sórí YouTube láti inú kásẹ́ẹ̀tì pọ̀ bí ìyàtọ̀ omi kànga àti omi àgbàrá.

Kí ló dé tí dúdú fi wà lápá méjèèjì àwòrán nígbà mìíràn?

Torí pé bí wọ́n ṣe ya á nìyẹn. Fíìmù àtijọ́ púpọ̀, àti gbogbo ohun tó bá ti inú kásẹ́ẹ̀tì wá, fẹ̀ ní ìwọ̀n 4 sí gíga 3. Aṣọ àwòrán òde òní jẹ́ 16 sí 9. Àyè tó ṣẹ́ kù ló dúdú yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á fẹ̀ kó lè kún. Ojú Bàbá Sàlá á fẹ̀ bí àwo ìyán, gèlè gbogbo obìnrin á pẹlẹbẹ. Bí ẹ bá ń lo VLC tí àwòrán ṣàdédé fẹ̀, ẹnìkan ti fọwọ́ kan lẹ́tà A lórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ máa tẹ A yẹn títí tí yóò fi padà sí ipò.

VCD la ní. Ó ń rí wúruwùru lórí aṣọ ńlá.

Kò lè ṣàì rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n àwòrán VCD jẹ́ 352 lórí 288, nígbà tí fíìmù òde òní jẹ́ 1920 lórí 1080. Lórí aṣọ oní mítà 3, ẹyọ àmì kan á fẹ̀ tó mílímítà 6, ẹni tó wà níwájú á máa ka wọ́n bí ẹyin. Ẹ dín àwòrán kù sí mítà 2, kí ẹ sì sún àga ìlà kìíní sẹ́yìn. VCD kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 sí 80, ìdí nìyẹn tí fíìmù kan fi máa ń wà nínú síídì méjì. Ẹ kó méjèèjì sórí laptop, ẹ tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá síídì kejì nínú òkùnkùn.

Mo ti fi owó mi ra síídì rẹ̀. Ṣé mo ṣì ní láti gbàṣẹ kí n tó fi han gbogbo èèyàn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé yín lẹ rà á fún. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022 ló wà lójú iṣẹ́ ní Nàìjíríà báyìí, ó sì fún fíìmù ní àádọ́ta ọdún láti ìparí ọdún tó kọ́kọ́ jáde síta. Ìwé tàbí eré orí ìtàgé tí wọ́n fà á yọ nínú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀: gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó kọ ọ́, àti àádọ́rin ọdún lórí rẹ̀. Nítorí náà, "ó ti pẹ́" kì í ṣe ìwé àṣẹ.

Netflix ńkọ́? Àdéhùn wọn sọ ọ́ pé fún ìlò ara ẹni nìkan ni. Ẹ ò lè so àkáǹtì yín mọ́ projector kí ẹ pe ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹ kọ̀wé sí aṣagbátẹrù pé ẹ fẹ́ fi fíìmù náà hàn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn mìíràn á gbà, àwọn mìíràn á ní ọwọ́ àwọn ti dì. Irú fíìmù báyìí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé lé lórí, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù.

Kì í ṣe òṣèré lẹ máa bi, bó ti wù kí ẹ mọ̀ ọ́n tó. Ẹ wo ìparí fíìmù, ibi tí orúkọ ti ń gòkè. Ẹni tàbí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ tẹ̀ lé àmì © ni kí ẹ wá. Bó bá ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Kí lẹ́tà náà sọ orúkọ fíìmù, ọjọ́, gbọ̀ngàn, iye àga, bóyá ẹ máa gbowó lẹ́nu ọ̀nà tàbí ẹ ò ní gbà, irú ẹ̀dà tí ẹ fẹ́, àti pé ẹ máa pa á rẹ́ lẹ́yìn eré. Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Kí ìdáhùn wà ní kíkọ. "Kò burú, ẹ máa ṣe é lọ" lórí fóònù kì í pẹ́ di "Ta ló sọ fún yín?"

Ẹni tó bá rò pé àṣejù lèyí, kó rántí Ọ̀run Móoru ti 1982. Moses Ọláìyá, ìyẹn Bàbá Sàlá, kó owó ńlá lé fíìmù yẹn, àwọn ajínǹkantà da ẹ̀dà rẹ̀ sígboro lórí kásẹ́ẹ̀tì, gbèsè ló kù sí i lọ́wọ́.

Ṣé a lè mú ọmọdé wá?

Ẹ wo àmì tí NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, fi sí i: G wà fún gbogbo èèyàn, PG ń fẹ́ àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, 12, 15 àti 18 sì ń sọ iye ọdún. A máa ń kọ ọ́ sára ìwé ìkéde. Fún ọmọdé gan-an, Yaaba ti Idrissa Ouédraogo, 1989, dára púpọ̀: ọmọkùnrin kan àti ìyá arúgbó tí abúlé ń pè ní àjẹ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ìtàn yẹn máa ṣe àjèjì sí.

A fẹ́ ṣe tiwa ní gbọ̀ngàn àdúgbò wa. Projector wo ni ká yá, báwo la ṣe máa gbé e kalẹ̀?

Ọ̀kan tó ní 3,000 lumens (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀) tó fún aṣọ tó fẹ̀ ní mítà 3, bí yàrá bá ṣókùnkùn. Kí ẹ bi ẹni tó fẹ́ yá yín pé gílóòbù rẹ̀ ti lo wákàtí mélòó. Gílóòbù tó ti dàgbà lè fún yín ní ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ fi iye tí wọ́n kọ sí throw ratio projector náà sọ ìwọ̀n fífẹ̀ aṣọ di púpọ̀ (ìsọdipúpọ̀ ni, kì í ṣe àròpọ̀). Bó bá jẹ́ 1.5, aṣọ oní mítà 3 ń fẹ́ kí projector jìnnà sí i ní mítà 4 àbọ̀. Àìwọn èyí ṣáájú ló máa ń mú kí àwọn èèyàn máa ti tábìlì síwá-sẹ́yìn nígbà tí àlejò ti jókòó.

Aṣọ oní mítà 3 ga tó mítà 1.7. Ẹni tó jókòó kẹ́yìn kò gbọdọ̀ jìnnà ju mítà 10 lọ, bí ẹ bá fẹ́ kó rí subtitle kà. Kí ìsàlẹ̀ aṣọ ga ju orí ẹni tó jókòó lọ, mítà 1.3 sí ilẹ̀ kéré jù ni, àgàgà níbi tí gèlè bá wà. Aṣọ funfun tó nípọn ni kí ẹ lò, kí ojú rírán má sí láàárín, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ fi okùn fà á le ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ta aṣọ dúdú sẹ́yìn rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà gba inú rẹ̀ kọjá. Ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà funfun tí kò dán kùn sàn ju aṣọ tó ń mì lọ. Ọ̀dà tó ń dán máa ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sójú èèyàn.

Fèrèsé ni ọ̀tá. Ọ̀rá dúdú tí àwọn bíríkìlà máa ń tẹ́ sábẹ́ kọnkéré ló rọrùn jù láti fi bò ó. Kò wọ́n, ẹ sì lè ká a pa mọ́ fún ìgbà mìíràn. Ẹ má gbàgbé àlàfo òkè ilẹ̀kùn.

Ẹ gbé projector sí gbọọrọ, kó kọjú sí aṣọ tààrà. Bó bá wà nísàlẹ̀ tó ń wòkè, àwòrán á fẹ̀ lókè, á tín-ín-rín nísàlẹ̀. Bọ́tìnì tó ń tún èyí ṣe wà lára ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń gé àwòrán kù. Wáyà HDMI tó bá ti ju mítà 10 lọ máa ń dá àrà: àwòrán á wá, á lọ. Laptop ni kí ẹ sún mọ́ projector, kí ẹ wá fi wáyà ohùn gígùn lọ bá sípíkà.

Àwòrán dára, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Èyí ló ń ba alẹ́ jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Èèyàn á fara da àwòrán tí kò mọ́, kò ní fara da òwe tí kò gbọ́.

Bí ìlù àti orin bá ń dún gan-an tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò sì jáde, ó ṣeé ṣe kí fíìmù náà ní ohùn ọ̀nà mẹ́fà, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wà ní ti àárín, sípíkà méjì tí ẹ ní kò sì rí i gbà. Ẹ lọ sí ibi Audio nínú VLC, ẹ yan ọ̀nà ohùn oní stereo bó bá wà, tàbí kí ẹ yí i sí stereo níbi ètò rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń dún ṣùgbọ́n tó ń gba ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, gbọ̀ngàn ló ń dún padà: ògiri búlọ́ọ̀kù lásán àti òrùlé páànù. Ẹ ta aṣọ wíwúwo tàbí ẹní sára ògiri ẹ̀yìn, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ẹ sì dín ohùn kù díẹ̀. Àwọn tó bá fi kún un ló ń ba tiwọn jẹ́. Kí sípíkà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, kó ga ju orí ẹni tó jókòó lọ, kó kọjú sí àárín èrò.

Bó bá ń ṣe "hùùù" láì dáwọ́ dúró, ẹ yọ ṣájà laptop. Bó bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ ti rí olè: iná ṣájà àti ti sípíkà ń bá ara wọn jà nítorí pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń mu iná. Ẹ so gbogbo wọn mọ́ extension kan ṣoṣo. Bí kò bá tán, ẹ gba agbára sínú bátìrì kún, kí ẹ fi bátìrì ṣiṣẹ́ títí eré á fi parí.

Fíìmù tó bá ti inú kásẹ́ẹ̀tì wá máa ń ní "ṣìììì" lábẹ́ ohùn. Ẹ yí tírẹ́bù wálẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀; bẹ́ẹ̀ ni kọ́ńsónáǹtì ń lọ, èdè Yorùbá kò sì ní kọ́ńsónáǹtì tó pọ̀ láti fi ṣòfò.

Iná ńkọ́?

Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò owó ọjà. Projector 300 watt, laptop 65, sípíkà méjì 400, fáànù mẹ́fà 420. Àpapọ̀ 1,185. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA máa ń gbé nǹkan bí 2,000 watt, kò sì yẹ kí ẹ gùn ún kọjá 1,500, nítorí náà ó gbà á. Kékeré tí àwọn èèyàn ń gbé lọ́wọ́ kan kò lè gbé e. Á gbìyànjú, á máa mì, ìmọ́lẹ̀ projector á máa ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà á kú ní ibi tí eré ti dùn jù.

Ìta ni kí jẹnẹrétọ̀ wà, mítà 20 ó kéré tán, kí èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Ẹ má gbé e sí kọ́rídọ̀, kódà bí òjò bá ń rọ̀. Gáàsì kan wà nínú èéfín yẹn tí kì í rùn, ó sì ń pa èèyàn. Wáyà 2.5mm ni kí ẹ fi fa iná wọlé. Ẹ rọ epo kún kí ẹ tó tan án. Bí epo bá fẹ́ tán láàárín eré, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó rọ òmíràn.

Bí projector bá jẹ́ onígílóòbù, ẹ wá UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé iná dúró fúngbà díẹ̀, fún un. Kì í ṣe nítorí àwọn tó ń wo eré. Bí iná bá lọ lójijì, fáànù inú rẹ̀ á dúró nígbà tí gílóòbù ṣì gbóná janjan, irú ìgbóná bẹ́ẹ̀ ló ń gé ọjọ́ ayé rẹ̀ kúrú. Onílésà àti oní LED kò ní wàhálà yìí púpọ̀.

A kọ subtitle Yorùbá fún fíìmù Faransé kan, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ di àpótí òfìfo.

Ìṣòro fáìlì ni. Ẹ ṣí fáìlì .srt náà nínú Notepad, ẹ lọ sí Save As, ẹ yan UTF-8 níbi Encoding, ẹ fi pa mọ́. Nínú VLC, ẹ lọ sí Preferences, ibi Subtitles, ẹ yan UTF-8 níbẹ̀ náà. Bí ó bá ṣì ń jẹ́ àpótí, fọ́ǹtì ló kù: ẹ yan ọ̀kan tó mọ àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn lórí fáwẹ́lì kan náà. Lẹ́tà tó yẹ kí ẹ fi dán an wò ni ẹ̀, ọ́ àti ọ̀. Fọ́ǹtì tó bá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ láìjẹ́ kí àmì fò lọ sórí lẹ́tà kejì, ó ti yege.

Ẹ má rò pé ẹ lè yọ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kúrò kí iṣẹ́ lè yá. "Oko" lórí aṣọ àwòrán lè jẹ́ oko, ọkọ̀, ọkọ tàbí ọkọ́, subtitle sì máa ń lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ẹni tó ń kàwé lè padà sẹ́yìn; ẹni tó ń wo eré kò lè padà.

Ìlà méjì ni kó pọ̀ jù, lẹ́tà 40 sí ìlà kan, kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan ó kéré tán, kó má sì kọjá mẹ́fà. Ẹ sọ fáìlì subtitle ní orúkọ fíìmù gan-an, kí VLC lè gbé e fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń ṣáájú ẹnu tàbí tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, lẹ́tà G àti H ni ẹ máa fi sún un díẹ̀díẹ̀.

Bí òjò bá dé?

Bí ẹ bá wà níta, ẹ ti pa eré náà nígbà tí ìjì àkọ́kọ́ bá gbé etí aṣọ. Aṣọ oní mítà 3 tí afẹ́fẹ́ gbá mú lágbára láti wó òpó. Nínú gbọ̀ngàn onípáànù, òjò ńlá kò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ nǹkan. Ẹ dá a dúró, ẹ tan iná, ẹ padà sẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì nígbà tó bá rọlẹ̀.

Kí ló yẹ ká ṣe lọ́jọ́ náà gan-an?

Ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin fíìmù lórí ẹ̀rọ tí ẹ máa lò, kì í ṣe lórí òmíràn; laptop àtijọ́ máa ń kọsẹ̀ lórí H.265, irú fáìlì fídíò tuntun kan, àwòrán á dúró, ohùn á máa lọ. Ẹ pa WhatsApp. Ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó má sùn. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní òru tó ṣáájú kí ó ṣe gbogbo àtúnṣe tó fẹ́ ṣe, kí ẹ sì já a kúrò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ eré. Kí ẹ̀dà kejì fíìmù wà lórí fúláàṣì. Ẹnìkan ṣoṣo ni kó fọwọ́ kan laptop.

Báwo lẹ ṣe máa ń jíròrò lẹ́yìn eré?

Ìṣẹ́jú 25, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Olùdarí ọ̀rọ̀ á tún ìran ìṣẹ́jú mẹ́ta kan ṣí, á wá bi ìbéèrè kan péré lórí rẹ̀: níbo ni kámẹ́rà dúró sí, kí ló dé tí a ò rí ojú ọba, kí ni ìlù ń sọ tí ẹnu kò sọ. Ìlù tó wà nínú Saworoidẹ nìkan tó fún alẹ́ kan. "Ẹ̀kọ́ wo ni ẹ rí kọ́?" kò gba ààyè lọ́dọ̀ wa, bí ẹnìkan bá ti bi í, gbogbo ilé á sọ pé ìwà rere dára, kálukú á lọ sílé.

Bàbá wa ní àpótí kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?

A fẹ́ rí i. Ẹ má kì í bọ inú ẹ̀rọ kí ẹ lè mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó láti ojú fèrèsé kásẹ́ẹ̀tì náà: bí ohun funfun bí ìyẹ̀fun bá wà létí tẹ́ẹ̀pù, èbu ni, á gbá mọ́ orí ẹ̀rọ, á sì ti ibẹ̀ ran kásẹ́ẹ̀tì yòókù. Ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá. Àwọn tó mọ́, ẹ gbé wọn dúró bí ìwé, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn, ẹ sì gbé wọn jìnnà sí sípíkà, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ lè pa ohun tó wà lórí wọn rẹ́. Ẹ kọ ohun tó wà lára páálí sínú ìwé kí yíǹkì tó ṣá. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ìwé yẹn wá lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ fi àpótí sílẹ̀ nílé.